Níbo Ni Ká Fà Á Gbà?

Wọ́n ní torí mo kọ́ ọmọ wọn ní jọ́gíráfì
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Ìṣarà,
èmi ni kí n wá fa ààlà.
Odògbolú la ti pàdé, nínú yàrá kíláàsì,
àgbàlagbà mẹ́tàdínlógún lórí bẹ́ńṣì ọmọdé,
orúnkún wọn ga ju tábìlì lọ.
Olóyè Ṣófẹ̀hìntì na bébà fẹ̀ǹfẹ̀ kan sí mi:
"Tíṣà, a kò tíì bí ìpínlẹ̀ tí à ń tọrọ,
ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí ọmọ a máa rán aṣọ.
Wọn ara rẹ̀ fún wa."

Mo gbé e relé. Iná ti lọ, mo tan fìtílà.
Mo kọ́kọ́ rò pé Erédò yóò gbà mí sílẹ̀:
àwọn tó gbẹ́ ẹ ti fa tiwọn
kí ẹnikẹ́ni tó mọ pẹ́ńsù.
Mo ti kó àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kejì sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ rí, ní Òkè-Erí.
Ògiri rẹ̀ tutù, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ,
ọ̀pẹ ti hù nísàlẹ̀,
ewúrẹ́ kan ń jẹko láàárín,
kò bèèrè èwo ni inú, èwo ni ìta.
Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀lé Erédò,
ilé tèmi gan-an á ṣẹ́kù síta.
Mo pa á rẹ́.

Mo wá fi ẹnu wọ̀n ọ́n.
Ibi tí gàrí bá ti kan dé eyín,
ibi tí wọ́n bá ti ń rin ewùrà dípò kí wọ́n gún un,
mo fi àmì sí i.
Àmì rìn dé Àgọ́-Ìwòyè, ó rìn dé Ẹ̀pẹ́,
ló bá fò sí Múṣin,
sílé ọmọ àbúrò mi tó ń rin ewùrà lórí àjà kẹta.

Mo fi èdè gbìyànjú.
Mo bi Mọ́dẹ̀ọ́lá aládùúgbò mi
ohun tí a fi ń bu omi.
Ó ní "ugbá".
Ọkọ rẹ̀, ará òkè, ní "igbá".
Orí bẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n ń sùn.
Ṣé kí n fa pẹ́ńsù gba àárín ìrọ̀rí?

Bàbá mi ní peregún mẹ́rin lóko wa létí odò Ìbù.
Ọdún tí òun àti Odùkálẹ̀ jà,
Odùkálẹ̀ fa ọ̀kan tu lóru,
ó fi ìbínú sọ ọ́ sódìkejì.
Peregún ta gbòǹgbò níbi tó balẹ̀.
Ìgbà tí àwọn àgbà dé, oko méjèèjì ló ní ẹlẹ́rìí.
Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí kálukú lọ jẹun.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Bébà ṣì funfun létí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi Oyèfúnkẹ́ dé láti Ìkòròdú,
ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá nínú kúlà.
Tábìlì kan ṣoṣo ni mo ní,
orí máàpù la jẹ ẹ́.
Ó ń fi ìka wá ilé ọkọ rẹ̀.
"Apá ibo lẹ fi mí sí?"
Mo ní ìjọba ti fa ìlà láàárín àwa méjèèjì,
ó ti pẹ́, Èkó ni tìrẹ, Ògùn ni tèmi.
Ó gbé ẹja yíyan sẹ́nu, ó yọ eegun.
"Ta ló bi mí léèrè?"

Epo kán láti ṣíbí rẹ̀ sórí Ìkòròdú.
Ó ràn díẹ̀díẹ̀, ó kọjá Ògíjo,
ó kọrí sí Ṣágámù.
Mo mú àkísà.
Mo tún gbé e sílẹ̀.